Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Owó Ìrànwọ́

Owó ìrànwọ́ ni owó tí ìjọba tàbí àjọ kan fi ti iṣẹ́ lẹ́yìn, tí ẹni tó gbà á kò ní dá padà. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí owó yíyá. Síbẹ̀, ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ jíhìn bó ṣe ná an.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní 1965 ló dá National Endowment for the Humanities sílẹ̀, fún ìmọ̀ ìtàn, èdè àti àṣà. Ìgbìmọ̀ 56 ló ń pín lára owó rẹ̀ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ àti agbègbè. Ilé ìkàwé ìlú kékeré lè fi gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, tàbí kó fi san owó ọkọ̀ onímọ̀ ìtàn tó wá bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Wọ́n sábà máa ń ní kí ará ìlú dá tiwọn sí i. Wákàtí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ àti gbọ̀ngàn tí wọn kò gbowó rẹ̀ lè wọ inú ìṣirò.

Ní oṣù kẹrin 2025, ìjọba fagi lé owó àwọn ìgbìmọ̀ náà. Àdánù ńlá ni, torí owó táṣẹ́rẹ́ yìí ló ń jẹ́ kí ìlú kékeré fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀.