Wọ́n Ṣí Ilẹ̀kùn Búkà, Oníbàárà Kò Sí: Àwọn Olóúnjẹ Wa ní Ọdún Kòrónà

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn àrùn kòrónà ní Nàìjíríà, ibì kan náà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé ọdún 2020, nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn ní Èkó pé àrùn náà wà lára ọkùnrin kan tó ti Ítálì dé. Láti ibẹ̀, ìtàn á kọjá sórí ìbòmú, ilé ìwòsàn, iye àwọn tó kó o àti iye àwọn tó kú. Kò burú. Àmọ́ nínú àròkọ yìí, àwọn ìyá olóúnjẹ àti àwọn ọlọ́tí la fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, pàápàá àwọn tó ń dáná lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa. Ohun tí a fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé wa ni pé òfin tó ti ilẹ̀kùn wọn pa kọ́ ló ṣe wọ́n ní ibi jù. Èyí tó burú jù dé lẹ́yìn tí òfin ti ní kí wọ́n ṣí i.

Inú èdè Haúsá ni ọ̀rọ̀ náà "búkà" ti wá, níbi tí "bukka" ti túmọ̀ sí àtíbàbà tàbí ahéré. Àtíbàbà náà ló sì jẹ́ fún ìgbà pípẹ́: òpó mẹ́rin, páànù, bẹ́ǹṣì, ìkòkò lórí iná igi. Àwọn tí ilé wọn jìnnà síbi iṣẹ́ ló ń jẹun níbẹ̀: òṣìṣẹ́ ojú irin, awakọ̀, alábàárù, akọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ọtí ní ìtàn tirẹ̀. Ẹmu àti ògógóró ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 1949 tí bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú ní Èkó, bíà tí wọ́n pọn nílé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìgboro. Ẹ fi í sọ́kàn pé oúnjẹ àti ọtí kì í fi bẹ́ẹ̀ pínyà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta bíà á máa ta pẹpẹ súùpù àti ẹran ìgbẹ́ pẹ̀lú. A máa padà síbẹ̀.

Èyí kọ́ sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àjàkálẹ̀ àrùn máa da oúnjẹ rú nílẹ̀ yìí. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1918, ọkọ̀ òkun gbé àrùn influenza dé Èkó. Àwọn ará ìlú ń sá, ọkọ̀ ojú irin sì gbé àrùn náà wọ àárín ilẹ̀. Òpìtàn Don Ohadike kọ ọ́ ní ọdún 1981 pé ní ìsàlẹ̀ odò Ọya, ikú àti àìsàn dí iṣẹ́ oko iṣu lọ́wọ́ débi pé àwọn àgbẹ̀ yíjú sí ẹ̀gẹ́, tí wàhálà rẹ̀ kò tó ti iṣu. Àrùn náà lọ, ẹ̀gẹ́ dúró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí 2020. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ìsémọ́lé ọjọ́ 14 fún Èkó, Ogun àti Abùjá. Ogun bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù. Wọ́n fi kún ọjọ́ náà, ó di ọjọ́ 4 oṣù Ẹ̀bìbí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, Gómìnà Seyi Makinde kò ti gbogbo ìpínlẹ̀ pa bẹ́ẹ̀. Kónílé-ó-gbélé láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ ló fi lélẹ̀. Fún ọlọ́tí, ìyẹn nìkan ti tó, torí pé ìgbà tí òfin ní kí èèyàn wọlé gan-an ni ọjà tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Èkó, ilé oúnjẹ lè dáná lẹ́yìn ìsémọ́lé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó jẹun. Kí oníbàárà gbé tirẹ̀ lọ. Ó di ọjọ́ 14 oṣù Ògún kí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu tó gbà kí wọ́n jókòó, èrò kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì àyè lọ. Ilé ọtí àti ilé ijó alẹ́ ṣì wà ní títì. Nígbà tí ìgbì kejì dé, Boss Mustapha, alága ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí kòrónà, kéde ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ̀ pé kí ilé ọtí àti ilé ijó ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí ilé oúnjẹ sì padà sí gbé-e-lọ.

Ẹ wo irú ilé oúnjẹ tí àwọn tó kọ òfin yìí ní lọ́kàn. Ó ní ilẹ̀kùn. Ó ní iye àga tí a lè pín sí méjì. Ọ̀pọ̀ búkà kò ní ilẹ̀kùn rárá, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá ju ti ilé oúnjẹ olówó tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí lọ. Gbé-e-lọ fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Kí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó dé ni àwọn ìyá wa ti ń fi ewé di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún èrò ọ̀nà. Àmọ́ àmàlà kì í dúró. Ẹni tó bá ti gbé àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú sínú ọ̀rá láti Bódìjà dé Ọ̀jọ́ọ̀ mọ ohun tí à ń wí. Ohun tí búkà ń tà ni ooru, ìjókòó, àti "ìyá, ẹ bá mi fi ọbẹ̀ kún un."

Àwọn ilé oúnjẹ ńlá rí ọ̀nà gbà. Ìjọba Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò láti ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé ọdún náà, nítorí náà ilé iṣẹ́ bíi Gokada, tó ti ń gbé èrò tẹ́lẹ̀, ti yíjú sí ẹrù kí àrùn tó dé. Ọ̀kadà wà nílẹ̀, oúnjẹ wà nílẹ̀, wọ́n bá pàdé. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì kò lè gbé abọ́ kan fún ọlọ́kadà tí owó ọ̀nà rẹ̀ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́tí tún lọ́jú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òfin bá ní kí ilé ọtí wà ní títì, tó sì ní kí ilé oúnjẹ ṣí, kí ni ká pe ibi tí wọ́n ti ń ta pẹpẹ súùpù ẹran ewúrẹ́ pẹ̀lú ìgò bíà méjì? Àwa nìkan kọ́ ni ìbéèrè yìí rú lójú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Ọ̀pẹ̀ kan náà, òfin àwọn agbègbè kan ní ilé ọtí kò gbọdọ̀ ta ọtí àfi pẹ̀lú oúnjẹ gidi, ni àwọn mínísítà wọn bá ń dáhùn ìbéèrè ní gbangba lórí bóyá ẹyin tí wọ́n fi ẹran wé tó oúnjẹ gidi.

Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wa, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Ẹrẹ́nà. Ní ọjọ́ 23 ó di èyí tí kò ní gbèdéke, lákòókò kan náà tí ìjọba ń ti ilé ìwé nítorí kòrónà. Ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ̀ ni wọ́n dá a dúró. Nígbà yẹn, ìgbì kejì ti dé, ó sì di oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2021 kí ilé ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ bá wa ka oṣù wọ̀nyẹn. Ìyá olóúnjẹ tó wà láàárín ìgboro ti rí oníbàárà jókòó láti oṣù Ògún. Èyí tó wà lẹ́nu géètì yunifásítì, ta ni yóò jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀?

Ìyá olóúnjẹ kì í fi owó ara rẹ̀ nìkan dáná. Ó ń gba àpò ìrẹsì àti ẹ̀wà láwìn lọ́wọ́ oníṣòwò lọ́jà, ó ń san án bí oúnjẹ bá ṣe ń tà. Ó ń dá àjọ lójoojúmọ́. Ó ní ọmọbìnrin méjì tàbí mẹ́ta tó ń fọ abọ́, tó ń ṣa ẹ̀wà, tó ń sun sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀. Àwa náà ń jẹun láwìn, ó ń kọ orúkọ wa sínú ìwé. Gbèsè wà lókè rẹ̀, gbèsè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó mú gbogbo rẹ̀ dúró ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò padà wá jẹun lọ́la. Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ sílé ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Gbèsè ọjà dúró sọ́rùn ìyá. Gbèsè tiwa wọ bọ́ọ̀sì, ó bá wa lọ sílé.

Báńkì àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 50 náírà sọ́tọ̀ ní oṣù yẹn láti fi yá àwọn ìdílé àti àwọn oníṣẹ́ kékeré, iṣẹ́ oúnjẹ títà sì wà lára èyí tí wọ́n dárúkọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un. Ká má tan ara wa, a mọ ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí lọ́wọ́.

Ọjà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Bodè ilẹ̀ ti wà ní títì láti oṣù Ògún ọdún 2019, ìrẹsì ti wọ́n kí kòrónà tó dé, ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀pẹ̀ 2020 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí mẹ́rin nínú rẹ̀. Àjọ NBS sọ pé ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ ti dé ìdá 19.56 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Ọ̀pẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ tún iná dá nígbà tí a padà, owó tó fi ń ra àpò kan tẹ́lẹ̀ kò lè ra àpò kan mọ́.

Ibi tó ń dùn wá gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn nìyí. Ìwé ìkéde ìjọba wà nípamọ́, àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìtura wà, ti àwọn ilé iṣẹ́ bíà náà wà. Tí a bá padà débi tí búkà wà tẹ́lẹ̀, tí a bá bá kíóskì POS níbẹ̀, ìwé wo ni yóò sọ fún wa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá tó ń dáná? Bóyá ìwé gbèsè náà ni, ìyẹn lọ́dọ̀ àwọn tó ṣì tọ́jú rẹ̀. Oṣù Ẹrẹ́nà 2020 ni kíkọ máa dúró sí níbẹ̀: orúkọ, iye abọ́, iye owó. Àwọn kan lára àwọn olórúkọ ti gboyè, wọ́n ti lọ sìnrú ìlú. Kò sẹ́ni tó fi ìlà sórí orúkọ wọn.