Ìrísí Ọmọ Ìtajà: Bí Ṣọ́ọ̀bù Ńláńlá Ṣe Ń Yan Òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Láàárín ọdún 1850 sí 1900 ni ilé ìtajà ńláńlá gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn tí aṣọ, bàtà, abọ́ àti ohun ọ̀ṣọ́ ti wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Macy's wà ní New York, Wanamaker's wà ní Philadelphia, Marshall Field's sì wà ní Chicago. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí ọjà títà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọ̀rúndún 19 tó parí, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì lọ́kọ ti pọ̀ lẹ́yìn kántà. Owó iṣẹ́ wọn kéré sí ti ọkùnrin. Àwọn obìnrin ilé ọlá ni wọ́n sì ń tajà fún.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrísí ti le. Ọ̀gá ń fẹ́ kí ọmọ tálákà tó wà lẹ́yìn kántà sọ̀rọ̀ kí ó sì rìn bí ọmọ ilé ọlá, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ múra débi tí a ó fi ṣì í mú fún oníbàárà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà fi sọ aṣọ dúdú di dandan fún wọn. Nínú owó táṣẹ́rẹ́ tó ń gbà ni òṣìṣẹ́ ti ń ra aṣọ náà. Bí ọmọbìnrin bá wá béèrè iṣẹ́, wọ́n á wo irun rẹ̀, wọ́n á wo èékánná rẹ̀, wọ́n á fetí sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kì í rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkèèrè dé, tí èdè rẹ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀, láti dé iwájú oníbàárà.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń wò, àwọ̀ ara ló burú jù. Ènìyàn dúdú lè gbálẹ̀, ó lè ru ẹrù, ó lè máa darí ẹ̀rọ tó ń gbé oníbàárà lọ sókè, àmọ́ ọjà ni kò gbọdọ̀ tà. Ní Harlem, àdúgbò kan ní New York pàápàá, níbi tó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń náwó ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ní ọdún 1934, àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ àdúgbò kóra jọ dojú kọ ilé ìtajà Blumstein's ní òpópónà 125. Wọ́n gbé pátákó sọ́wọ́, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà níbi tí kò ti lè ríṣẹ́. Nígbà tó di oṣù Keje, ilé ìtajà náà gbà láti fi obìnrin dúdú 35 sídìí ọjà. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà, ọ̀rọ̀ náà sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ti jọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn ti ṣí lóòótọ́, síbẹ̀ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ṣì ni ó ń sọ irú ojú tó lè gba ibẹ̀ wọlé.

Oníbàárà ni àwọn ọ̀gá máa ń fi kẹ́wọ́: wọ́n á ní àwọn kò kórìíra ẹnikẹ́ni, oníbàárà ni kò ní fẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú ti ọdún 1964 ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá, àti jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin léèwọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1971, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Pan Am kò gbà síṣẹ́ olùtọ́jú èrò, nítorí pé obìnrin ni àwọn èrò fẹ́. Ilé ẹjọ́ dá ọkùnrin náà láre: ohun tó wu oníbàárà kò tó láti fi rú òfin. Ìdájọ́ tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1964 kò dárúkọ sísanra, kò dárúkọ gíga, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ẹwà. Ìpínlẹ̀ Michigan fi ìwọ̀n ara àti gíga sínú òfin tirẹ̀ ní ọdún 1976. Ìlú Washington fi ìrísí ara sínú tirẹ̀ ní ọdún 1977. Ìlú Santa Cruz tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1992, San Francisco ní ọdún 2000. Ní ibi tó pọ̀ jù, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù lè lé ẹni tó sanra padà, kó sì sọ ọ́ sí i lójú.

Abercrombie & Fitch ni ilé aṣọ tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé góńgó. Títí di ọdún 2015, wọn kì í pe òṣìṣẹ́ ní ọmọ ìtajà, afaraṣàfihàn-aṣọ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní ìwé òfin lórí bí irun, aṣọ àti ojú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ní ọdún 2003, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ Látìn àti ọmọ Éṣíà pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọn kò gba àwọn, tàbí pé ẹ̀yìn ilé tí oníbàárà kò dé ni wọ́n ń fi àwọn sí. Iléeṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní ọdún 2004 ó gbà láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là fún wọn. Ní ọdún 2006, olórí iléeṣẹ́ náà, Mike Jeffries, sọ fún akọ̀ròyìn kan láìfi bò pé àwọn arẹwà ni òun ń gbà síṣẹ́, nítorí pé arẹwà ló ń fa arẹwà wá. Ọ̀rọ̀ náà burú, ṣùgbọ́n ó sọ síta ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ti ń ṣe láìsọ.

Ní ọdún 2008, ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan, ọmọ ọdún 17, wá iṣẹ́ sí ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn ní Tulsa. Híjáàbù wà lórí rẹ̀. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún un ní máàkì tó lè gbà á wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ju onítọ̀hún lọ ní híjáàbù lòdì sí òfin ìrísí àwọn, wọ́n sì dín máàkì rẹ̀ kù. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gbé ẹjọ́ náà lọ, ó sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, níbi tí adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ti fara mọ́ àjọ náà ní ọdún 2015. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, kí ìdájọ́ tó jáde, iléeṣẹ́ náà kéde pé òun kò ní wo bí ara ẹni ṣe rí mọ́ kí òun tó gbà á síṣẹ́. Jeffries ti fi ipò sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2014.

Ní ìlú New York, òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ìwọ̀n ara àti gíga léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ó fàyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ara kan pàtó pọn dandan fún, ṣùgbọ́n aṣọ títà kì í ṣe ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi díẹ̀ ni irú òfin yìí ṣì wà. Ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n ara àti gíga kún òfin ọdún 1964, kí ẹni tó mọ ọjà tà lè ríṣẹ́ ṣe ní ìlú yòówù tó bá ń gbé.