Ilé Abà Wa Nínú Igbó Ifẹ̀

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ilé méjì ni àwa ní. Èkíní wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì wa. Èkejì wà nínú igbó kòkó ní ilẹ̀ Ifẹ̀, a kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀. Ìtàn èkejì yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí pé òun ni ó bọ́ èkíní.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣu a máa ta dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n igbó dúdú àti òjò ni kòkó ń fẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1880, tí J. P. L. Davies, ọmọ Sàró, ti gbin kòkó sí Ìjọn nítòsí Èkó, ni igi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilẹ̀ wa lọ. Àwọn tí wọ́n lọ ṣe alágbàṣe ní oko Agége wà lára àwọn tí wọ́n mú irúgbìn rẹ̀ bọ̀ wá sí ìlú wọn. Nígbà tí igbó tí ó wà nítòsí Ìbàdàn kò gba èrò mọ́, àwọn àgbẹ̀ ṣí lọ sí Ifẹ̀ àti Oǹdó. Bàbá bàbá mi wà lára wọn. Lẹ́yìn ogun Hitila ni ó dé ibẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú àdá méjì àti ìkòkò kan.

Igbó kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i. Ará ìlú rẹ̀ kan tí ó ti ń dáko níbẹ̀ ni ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún un lọ́dọ̀ ìdílé tí ó ni ilẹ̀. Wọ́n gbé obì àti ọtí lọ. Àwọn onílẹ̀ fi igi ìrókò kan àti odò kan hàn án bí ààlà. Ó lè gbin kòkó, ó lè kọ́lé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún.

Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n sùn ní ọdún kìíní. Nígbà tí òjò dá, wọ́n po amọ̀, wọ́n sì mọ ògiri ní ìpele-ìpele. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó lé òmíràn lé e. Ewé gbódógì ni wọ́n fi bo ilé náà. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó tóbi ju yàrá lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó kòkó sá sí bí òjò bá ṣú lójijì. Wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí àárín kòkó kí ó lè ṣíji bò ó, kí àwọn náà sì rí nǹkan jẹ, nítorí pé ó tó ọdún márùn-ún kí kòkó tó so.

Ní ọdún 1954, owó kòkó ga púpọ̀ ní ọjà àgbáyé. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba fi ń ta kòkó kò kó gbogbo rẹ̀ fún àgbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó kan bàbá tó láti fi ra páànù. Orí ni wọ́n fi ru páànù náà gba ọ̀nà oko wọlé. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, bàbá mi sì wọ ilé-ìwé.

Ìwé yìí ni ó dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun ṣe òfin ilẹ̀ ní ọdún 1978, tí ó fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ kà á, wọ́n sì ní ìṣákọ́lẹ̀ ti tán. Ọdún mẹ́ta ni wọn kò fi san án. N kò dá wọn lẹ́bi pátápátá: àwọn onílẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ohun tí wọ́n ń béèrè sì ń pọ̀ sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá màrìwò tí a ta dí ẹnu ọ̀nà oko.

Bàbá àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé obì, ó kó owó ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bínú, ó ní, "Igi ni mo gbìn, n kò gbin ilẹ̀." Kò mọ̀wé. Síbẹ̀, ní ọdún 1991, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ nínú ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn pé òfin 1978 kò fòpin sí ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lórí ẹni tí ó fi ilẹ̀ fún ní ìlànà ìbílẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni a sin ín sí. Páànù ilé abà ti dípẹtà, àwọn kan nínú ìdílé wa sì ní kí á jẹ́ kí ó wó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, mo bá bàbá mi gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Arúgbó kan nínú ìdílé onílẹ̀ béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Bí mo ti dá a lóhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá bàbá mi. Ó ní ọmọdé ni òun ní ọjọ́ tí wọ́n fi ìrókò hàn án. A ti ra páànù tuntun báyìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, owó irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó rán ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ní ilé-ìwé. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè ibi tí tiyín wà, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ó dúró lé.