Ìjíhìn Olórí lórí Ogun
Ìjíhìn olórí lórí ogun ni ètò tí àwùjọ fi ń bi ọba, ìjòyè àti jagunjagun léèrè nígbà tí wọ́n bá darí ogun gba ibi tí kò yẹ. Ní Ọ̀yọ́ Ilé láyé àtijọ́, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni ọ̀gá àwọn ológun ẹkùn. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Kakaǹfò tí a bá rán lógun gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun láàárín oṣù 3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni a ó gbé wálé. Aláàfin pàápàá kò bọ́ níbẹ̀, nítorí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìjòyè 7 tí Baṣọ̀run ń darí, lè kọ̀ ọ́, ọba tí a bá sì kọ̀ gbọ́dọ̀ ṣígbá, èyí ni pé kí ó pa ara rẹ̀.

Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, Aláàfin Aólẹ̀ rán ọmọ-ogun sí Ìwéré-Ilé, ìlú tí ó ṣòro gbà, kí Kakaǹfò Àfọ̀njá lè parun níbẹ̀. Àwọn ológun yíjú padà, wọ́n fi igbá òfìfo tí a dé ránṣẹ́ sí Aólẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì pé wọ́n ti kọ̀ ọ́, ọba náà sì gbé májèlé jẹ. Ṣùgbọ́n Àfọ̀njá tí ó wà nídìí ọ̀tẹ̀ náà kò jíhìn fún ẹnikẹ́ni, ó sì já Ìlọrin gbà kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́.

Ní Nàìjíríà òde òní, abala 5 òfin-ìpìlẹ̀ 1999 kò gba ààrẹ láyè láti kéde ogun láìjẹ́ pé ilé aṣòfin àpapọ̀ méjèèjì fọwọ́ sí i, abala 88 sì fún wọn lágbára láti wádìí bí a ṣe ná owó ìjọba, títí kan owó ohun ìjà.