Kí ni header? Ọ̀rọ̀ tí server ń sọ kí ojú ìwé tó dé, àti bó ṣe ń kan àmì Yorùbá

Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé kan lórí fóònù yín, tí ẹ wá rí «á»ŒjÃ 'ba» níbi tó yẹ kí wọ́n kọ Ọjà'ba sí, kì í ṣe fóònù yín ló bàjẹ́. Kì í sì í ṣe pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ Yorùbá kọ. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo àmì rẹ̀ pé pérépéré nínú fáìlì tó wà lórí server. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé server kò sọ fún browser irú ìkọ̀wé tó ń gbé bọ̀, tàbí kó sọ ọ́ lódì, browser náà wá kà á bó ṣe yé e. Ibi tí server ti ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní header. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá ilé ìwé, ilé ìtajà àti ẹgbẹ́ kọ́ ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kò lè sá fún un.

Ẹni tó bá ti fi ẹrù waybill ránṣẹ́ rí ní gáréèjì á tètè mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti di ẹrù sínú páálí. Kí dẹ́rẹ́bà tó gbé e sí búùtù, ẹ ó kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ibi tó ń lọ. Bó bá jẹ́ àwo ni, ẹ ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè fọ́ o. Ohun tí ẹ kọ sára páálí kì í ṣe ẹrù, àmọ́ òun ni gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án máa kà kó tó mọ ohun tó máa ṣe. Bí mọ́tò bá sì ti kúrò ní gáréèjì, ó ti tán. Bíro yín ò lè débẹ̀ mọ́.

Èyí ni àpẹẹrẹ ohun tí server ń kọ sára páálí tirẹ̀ bí browser bá béèrè ojú ìwé kan:

HTTP/1.1 200 OK
Content-Type: text/html; charset=UTF-8
Content-Language: yo
Cache-Control: max-age=3600

Ìlà àkọ́kọ́ ló ń jábọ̀ ibi tí ìbéèrè náà já sí. 200 túmọ̀ sí pé ohun tí ẹ béèrè wà, òun ló ń bọ̀ yìí. Ìlà kejì sọ pé HTML ni, àti pé UTF-8 ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìlà kẹta sọ pé Yorùbá ni èdè rẹ̀, torí yo ni àmì tí àjọ ISO fún èdè wa. Ìlà kẹrin ní kí browser tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3,600, ìyẹn wákàtí kan gbáko. Lẹ́yìn náà, ìlà òfìfo kan á tẹ̀ lé e. Ìlà òfìfo yẹn ni ààlà: ohun tó wà lókè rẹ̀ ni header, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ojú ìwé tí ènìyàn máa fojú rí.

Kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. HTTP tí Tim Berners-Lee kọ́kọ́ gbé jáde ní 1991 kò ní header kankan. Browser á béèrè, server á da HTML sílẹ̀, ó parí. Nígbà tí àwòrán àti oríṣiríṣi fáìlì wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó di dandan kí server máa sọ ohun tó gbé dání. Oṣù karùn-ún 1996 ni ìwé HTTP/1.0 jáde, header sì ti wà nínú rẹ̀.

PHP ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni wọ́n fi kọ WordPress, òun náà ló sì wọ́pọ̀ lórí hosting olówó pọ́ọ́kú. Rasmus Lerdorf ló gbé e síta ní oṣù kẹfà 1995. Iṣẹ́ tí ẹ máa fi kọ ọ̀rọ̀ sára páálí nínú PHP ni header():

<?php
header('Content-Type: text/html; charset=UTF-8');
echo '<h1>Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́</h1>';

Ẹ kíyè sí i pé header ló ṣáájú echo. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ àmì.

Báìtì mẹ́ta ni UTF-8 fi ń kọ Ọ kan ṣoṣo: E1, BB, 8C. Bí browser bá rò pé ìkọ̀wé àtijọ́ ti àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni, á ka báìtì kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé lẹ́tà kan ni. E1 á di á, BB á di », 8C á di Œ. Bí Ọ ṣe ń di á»Œ nìyẹn. Ìkọ̀wé àtijọ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní ISO-8859-1, ní à, á, è, é, ì, í, ò àti ó nínú, torí pé Faransé, Ítálì àti Spéènì ń lò wọ́n. Nítorí náà ó lè gbé Ìbàdàn, ó sì lè gbé Màpó. Àmọ́ kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ká sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, láti Màpó ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Ọjà'ba, ṣùgbọ́n ISO-8859-1 kò lè débẹ̀ láéláé. Bẹ́ẹ̀, òun ni ìwé HTTP/1.1 ti 1999 ní kí browser gbà bí server kò bá sọ nǹkan kan. Ọdún 2014 ni wọ́n tó yọ òfin yẹn kúrò, ọdún yẹn kan náà ni PHP 5.6 bẹ̀rẹ̀ sí í fi UTF-8 sára Content-Type fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní, «Mo ti kọ meta charset sínú HTML mi, kí ló tún kù?» Ó dáa kó wà níbẹ̀. Àmọ́ bí meta bá sọ UTF-8 tí header sọ nǹkan mìíràn, header ni browser máa gbọ́. Bó bá jẹ́ fáìlì HTML lásán ni, tí kò gba inú PHP kọjá, tí server yín sì jẹ́ Apache, ẹ kọ AddDefaultCharset UTF-8 sínú .htaccess.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni pé ìtọ́jú àmì gan-an lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Notepad orí Windows, kó tó di àtúnṣe oṣù karùn-ún 2019, ANSI ló máa ń yàn fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú fáìlì. ANSI kò ní ẹ, ọ, ṣ, nítorí náà ẹni tó ń kọ Yorùbá gbọ́dọ̀ yan UTF-8. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Àmọ́ UTF-8 ti Notepad ayé ìgbà yẹn máa ń fi báìtì mẹ́ta, EF BB BF, sí iwájú fáìlì. BOM lorúkọ rẹ̀, ojú kì í sì í rí i. PHP ní tirẹ̀ gbà pé ohunkóhun tó bá ṣáájú <?php jẹ́ ara ojú ìwé, á sì fi í ránṣẹ́. Mọ́tò ti gbéra nìyẹn. Bí header() bá wá dé, ohun tí ẹ máa rí nìyí:

Warning: Cannot modify header information - headers already sent by (output started at /home/ojaba/index.php:1) in /home/ojaba/index.php on line 3

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sáré lọ sí ìlà kẹta, wọ́n á máa tú u wò, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ìlà kẹta ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ọ̀daràn wà nínú àkámọ́: ìlà kìíní ni nǹkan ti kọ́kọ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ ìlà kìíní, tí ẹ kò sì rí ohunkóhun níbẹ̀ ju <?php lọ, ẹ fura sí BOM. Ẹ tún fáìlì náà tọ́jú sí UTF-8 tí kò ní BOM. Bó bá jẹ́ ìlà tó kẹ́yìn ni, ẹ wò ó bóyá ìlà òfìfo wà lẹ́yìn ?>. Nínú fáìlì tó jẹ́ PHP nìkan, ẹ má wulẹ̀ kọ ?> rárá, PHP kò bínú sí i. Ohun kan náà ló ń bá session_start() àti setcookie() jà, torí pé header ni àwọn náà ń kọ.

Kí ló wá dé tó fi máa ń ṣiṣẹ́ lórí laptop, tó sì máa ń kú lórí hosting? Ẹ wo output_buffering nínú php.ini. Bí wọ́n bá fi sí 4096, PHP á kó báìtì 4,096 àkọ́kọ́ jọ sọ́wọ́ ná kó tó fi ránṣẹ́, header tó pẹ́ dé á sì rí àyè wọlé. Bí ó bá jẹ́ 0 lórí hosting yín, kò sí àyè. Àwọn kan á wá fi ob_start() sí òkè fáìlì kí wàhálà lè lọ. Á lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ kò tíì mọ ohun tó ń jáde ṣáájú àkókò. Èmi ò ní fara mọ́ ọn. Kì í ṣe PHP nìkan sì ni. Bí ẹ bá ń lo Node, ERR_HTTP_HEADERS_SENT ló máa pè é.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí owó wà. Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìdí Arère ní kí ẹ kọ́ ojú òpó táwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ti máa wo iye tí wọ́n ní. Ẹ kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá tíì wọlé, kí wọ́n dá a padà:

if (!$o_ti_wole) {
    header('Location: /wole.php');
}

Ẹ dán an wò, ó dá yín padà lóòótọ́, inú yín dùn. Àmọ́ header() kì í dá script dúró. Ọ̀rọ̀ lásán ló kọ sára páálí pé «ẹ gba ibòmíràn lọ». Script á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nísàlẹ̀, á tẹ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti owó wọn, á sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú Location náà. Browser kò ní fi hàn yín, torí ó ti gba ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá lo irinṣẹ́ bíi curl, tí kì í tẹ̀ lé Location bí wọn kò bá ní kó tẹ̀ lé e, á ka gbogbo rẹ̀ láìní password. Ìlà kan ló ń dí ihò yìí: exit, lẹ́yìn header() kí ẹ tó ti àkámọ́. Bí ẹ bá ń lo wp_redirect() ti WordPress, bẹ́ẹ̀ náà ni, òun náà kì í dúró fúnra rẹ̀.

Lórí ojú ìwé owó yìí kan náà, ẹ tún fi header('Cache-Control: no-store') kún un. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí ìyá kan bá wo owó rẹ̀ ní business center, tó sì dìde, ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lè tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn, kó sì rí ẹ̀dà tí browser ti tọ́jú. no-store ní kó má tọ́jú rẹ̀ rárá. Àwòrán àti àmì ẹgbẹ́ ní tiwọn, ẹ fún wọn ní max-age tó gùn dáadáa, kí wọ́n má bàa máa jẹ dátà àwọn ènìyàn lójoojúmọ́ lórí àwòrán tí kò yí padà.

Ní ti nọ́ńbà ìlà àkọ́kọ́, bí ojú ìwé kan kò bá sí mọ́, ẹ lo http_response_code(404). Kíkọ «A ò rí i» pẹ̀lú 200 lórí rẹ̀ ń tan Google jẹ. Ẹ sì ṣọ́ra fún 301, torí browser máa ń rántí rẹ̀. Location lásán, 302 ni PHP máa ń fún un, ìyẹn ìrìn-àjò fún ìgbà díẹ̀.

Láti rí header ojú òpó yín, ẹ tẹ F12 nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yan Network, ẹ tún ojú ìwé náà ṣí, ẹ tẹ ìlà àkọ́kọ́, ẹ wo Headers. Lórí terminal, ẹ tẹ curl -i pẹ̀lú àdírẹ́sì yín. Bí ó bá jẹ́ HTTP/2 ni server yín ń lò, lẹ́tà kékeré ni orúkọ wọn á fi jáde, content-type dípò Content-Type. Ìtumọ̀ wọn kò yí padà. Ẹ wo iwájú rẹ̀ bóyá charset=utf-8 wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi curl -i béèrè ojú ìwé tó yẹ kó ní password, láìwọlé, kí ẹ sì ka ohun tó wà lábẹ́ ìlà òfìfo yẹn.