Òṣùwọ̀n Tí Àwọn Oníwàrà Tàn Jẹ: Láti Copenhagen Dé Shijiazhuang

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ oníwàrà kan tó ń jẹ́ Sanlu, ní ìlú Shijiazhuang lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, kéde pé òun ń gba wàrà ìyẹ̀fun ọmọ ọwọ́ tí òun ti tà padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Kò tíì pé oṣù kan tí ìdíje Òlíńpíìkì parí ní Beijing. Melamine, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe àwo oníke àti ojú tábìlì, ni wọ́n bá nínú wàrà náà. Òkúta sì ti ń dì sínú kíndìnrín àwọn ọmọ tó ń mu ún.

Ẹni tó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ rò pé wọn kò yẹ wàrà náà wò rárá kó tó dọ́jà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwọ̀n purotéènì, èròjà tí ń mú ara dàgbà, ni wọ́n fi ń mọ wàrà tó dára yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti bu omi là, èsì àyẹ̀wò sì fi hàn pé purotéènì inú rẹ̀ pé. Irinṣẹ́ kò bàjẹ́. Ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé náà kì í ṣe ìlànà àwọn ọ̀lẹ. Láti mọ ibi tí jìbìtì náà gbà wọlé, ó di dandan láti padà sẹ́yìn ní ọdún 125, sí ilé ọtí kan ní Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́ńmáàkì.

Ní ọdún 1875, J. C. Jacobsen, ẹni tó ni ilé ọtí bíà Carlsberg, dá yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan sílẹ̀. Ó fi í lélẹ̀ nínú òfin ibẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fi àbájáde ìwádìí kankan tó bá ṣe pàtàkì pamọ́ fún aráyé. Ní ọdún kejì, wọ́n fi Johan Kjeldahl, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí ní ọdún 1849, ṣe olórí ẹ̀ka kẹ́mísírì níbẹ̀.

Ìṣòro tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́tí. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń pọn bíà, bí purotéènì inú ọkà náà bá sì pọ̀ jù, ọtí kì í mọ́ gaara. Ọlọ́tí ní láti mọ ohun tó wà nínú ọkà kó tó rà á. Ìlànà tí Dumas ará Faransé ti gbé kalẹ̀ ṣáájú ni láti sun nǹkan níná, kí wọ́n sì kó afẹ́fẹ́ náítírójìn tó bá jáde jọ, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ náà ń fa àkókò, ó sì gba ọwọ́ tó dáńgájíá. Ẹni tó ní ọ̀pọ̀ irúfẹ́ ọkà láti yẹ̀ wò lójúmọ́ kò lè rí i ṣe.

Ní ọdún 1883, Kjeldahl gbé ọ̀nà tuntun jáde. Wọ́n á kó ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò sínú ìgò ọlọ́rùn gígùn, wọ́n á da ásíìdì sọ́fúríìkì líle sí i, wọ́n á sì sè é títí yóò fi yọ́ pátápátá. Náítírójìn inú rẹ̀ yóò wọnú ásíìdì náà, yóò jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da omi sódà líle, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, sí i. Sódà yóò lé náítírójìn jáde gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ amóníà, wọ́n á sì gbà á sínú ásíìdì mìíràn tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí amóníà bá ṣe dín agbára ásíìdì yìí kù sí ni wọ́n fi ń mọ iye náítírójìn tó wà nínú oúnjẹ náà.

Ìṣirò ló kù. Nínú 100 gíráàmù purotéènì, nǹkan bíi gíráàmù 16 ló jẹ́ náítírójìn. Nítorí náà, wọ́n á fi 6.25 sọ iye náítírójìn di púpọ̀. Bó bá jẹ́ ti wàrà, 6.38 ni wọ́n ń lò. Ohun tó bá jáde ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí purotéènì. Ọ̀nà yìí yá, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì pẹ́ tó fi kúrò ní ilé ọtí dé ilé ìlọkà, ilé ìfúnwàrà àti ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn káàkiri àgbáyé. Títí di òní olónìí, ó ṣì wà lára àwọn ìlànà tí òfin oúnjẹ mọ̀.

Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ìgò Kjeldahl kò rí purotéènì rárá. Náítírójìn nìkan ló ń rí. Ó dà bí ẹni tó fi kóńgò wọn ìrẹsì. Kóńgò lè sọ bí ohun inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, kò lè sọ bóyá òkúta wà nínú ìrẹsì náà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú purotéènì ni èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn oúnjẹ ti ń wá, òṣùwọ̀n náà kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Òtítọ́ inú ẹni tó gbé oúnjẹ wá ló gbé e ró.

Melamine ni ohun tó wó o. Ìyẹ̀fun funfun ni, ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì jẹ́ náítírójìn, ìlọ́po mẹ́rin iye tó wà nínú purotéènì. Bí ènìyàn bá po gíráàmù kan ṣoṣo mọ́ wàrà lítà kan, àyẹ̀wò Kjeldahl yóò kà á sí purotéènì tó lé ní gíráàmù mẹ́rin. Ní Ṣáínà nígbà náà, àwọn àgbẹ̀ tí màlúù wọn kò pọ̀ a máa gbé wàrà wọn lọ sí ibùdó ìkójọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn kan bu omi là á kó lè pọ̀. Omi mú kí purotéènì dín kù, ilé-iṣẹ́ kò sì ní ra wàrà tí purotéènì rẹ̀ kò tó. Melamine ni wọ́n fi dí àyè omi náà.

Ìkìlọ̀ ti wáyé ṣáájú. Ní ọdún 2007, ajá àti ológbò kú ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀, melamine ni wọ́n sì bá nínú èròjà àlìkámà tó ti Ṣáínà wá sínú oúnjẹ wọn. Nígbà tó fi di oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn òbí ti ń fi ẹ̀sùn kan wàrà Sanlu. Ilé-iṣẹ́ náà wà lára àwọn tí ìjọba yọ̀ǹda pé kí wọ́n má ṣe máa yẹ ọjà wọn wò. Fonterra ti New Zealand, tó ní ìpín 43 nínú ọgọ́rùn-ún nínú Sanlu, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Ìgbà tí ìjọba New Zealand pe Beijing fúnra rẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án ni àṣírí tú sí gbangba.

Nǹkan bíi 294,000 ọmọ ló ní àìsàn kíndìnrín. Ó lé ní 50,000 tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn. Mẹ́fà kú. Ilé-iṣẹ́ 22 ni wọ́n bá melamine nínú wàrà ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣe. Sanlu wọko gbèsè. Ilé ẹjọ́ rán alága rẹ̀, Tian Wenhua, sí ẹ̀wọ̀n gbére, wọ́n sì pa ọkùnrin méjì nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Ṣáínà fagi lé ìyọ̀ǹda àìyẹjàwò náà, ó sì ṣe òfin tuntun lórí ààbò oúnjẹ. Ní ọdún 2010, àjọ Codex tó ń ṣètò ìlànà oúnjẹ lágbàáyé fi òté lé e pé melamine inú kílò wàrà ìyẹ̀fun ọmọ ọwọ́ kan kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù kan lọ. Àwọn yàrá àyẹ̀wò wá ra ẹ̀rọ tí ń ya èròjà oúnjẹ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń fi ìwúwo dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Ohun tó dunni jù ni pé àtúnṣe kan ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dà báyìí. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ da irú ásíìdì kan tí ń mú purotéènì dì sínú wàrà, tí wọ́n sì sẹ́ ẹ, purotéènì yóò wà lórí asẹ́, melamine yóò bá omi lọ. Bí wọ́n bá wá gbé ohun tó kù lórí asẹ́ sínú ìgò Kjeldahl, irọ́ náà yóò hàn. Ìṣísẹ̀ kan péré ni. Wọn kò gbé e, nítorí kò sẹ́ni tó rò pé ẹnìkan lè po ike mọ́ oúnjẹ ọmọ.

Yorùbá gbà pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá ti Shijiazhuang lóòótọ́, àmọ́ ọmọ mẹ́fà ti lọ kó tó dé. Ojúṣe yàrá àyẹ̀wò ni kó gbé òtítọ́ ṣáájú ikú. Kò sì lè ṣe é bí àwọn tó ń bójú tó o kò bá ń béèrè nígbà gbogbo ohun tí òṣùwọ̀n ọwọ́ wọn kò lè rí.