“Retry”: Ìtàn Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Ń Ṣe Tí Dísìkì Bá Kọ̀

Tí ẹ bá ti ra hard disk àlòkù rí ní Alaba, ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ fẹ́ ṣí fáìlì kan, gbogbo nǹkan wá dúró gbagidi. Kò kú, kò sì dáhùn. Kí ló ń ṣe? Ó ń tún un gbìyànjú ni.

Lọ́dún 1981, nígbà tí IBM gbé PC jáde, èèyàn ni DOS máa ń bi: “Abort, Retry, Ignore?” Ìbéèrè náà nítumọ̀, torí kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló jọra. Mọ́tò floppy nílò àkókò díẹ̀ kó tó yí dáadáa. Tí ẹ bá kà á kó tó yí tán, á kọ̀. Ẹ tún un kà, á gbà. Ìdí nìyẹn tí ìwé IBM fi ní kí wọ́n tún un gbìyànjú nígbà 3.

Lọ́dún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, Linus Torvalds, kọ Linux, èyí tó wà lábẹ́ Android inú fóònù yín lónìí. Ní ẹ̀dà 0.11, driver kò bi èèyàn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ń ka àṣìṣe. Tó bá ju ìdajì 7 lọ, á tún ẹ̀rọ tó ń darí dísìkì tò látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá pé 7, á jáwọ́, á sì jẹ́wọ́ pé kò ṣeé ṣe.

Ìjẹ́wọ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Lọ́dún 2018, àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí, rí nǹkan tó bà wọ́n lẹ́rù. Tí dátà kò bá wọ dísìkì, Linux á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí PostgreSQL bá tún béèrè pé, “Ṣé ó ti wọlé báyìí?”, Linux lè ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí kò wọlé rárá! Àkọsílẹ̀ owó èèyàn lè pòórá bẹ́ẹ̀.

Látọdún 2019, PostgreSQL kì í tún béèrè mọ́. Á dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀, á padà sídìí àkọsílẹ̀ tó ti kọ́kọ́ ṣe, á sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ LASU tí project yín wà lórí dísìkì kan ṣoṣo: tó bá ti ń dákú tó ń jí, ó ti ń gbìyànjú fún yín nìyẹn. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn lónìí, kó tó ka 7 pé. Ó dìgbà kan ná.